Ọ̀dà tó bá ọkọ̀ wáyé ni, àbí èyí tó wù mí? Ìbéèrè yín lórí ọkọ̀ àtijọ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin tèmi. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, ó sì fẹ́ẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọ̀dà ni gbogbo wọn ń sọ: ẹni tó ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe ò mọ̀ bóyá kóun dá a padà sí àwọ̀ tí ilé iṣẹ́ fi kùn ún jáde, àbí kóun yan èyí tó wu òun. Mo mú márùn-ún nínú wọn. Àwọn kan gba àlàyé gan-an, àwọn kan ò gbà tó bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ sà. Mercedes W123 ọdún 1979 ni dádì wa fi sílẹ̀ fún wa. Funfun ni nígbà tí wọ́n rà á, a rí i nínú fọ́tò, àmọ́ ọdún tí wọ́n bí mi ni dádì gbé e fún pẹ́ńtà tí wọ́n kùn ún ní búlúù, búlúù yẹn la sì mọ̀ ọ́n sí. Báyìí, abẹ́ àwọn ilẹ̀kùn ti ń dógùn-ún, a fẹ́ tún un ṣe látòkè délẹ̀. Mẹkáníìkì wa ní tí kò bá ti padà sí funfun, iṣẹ́ òfò la ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní dúdú tí kì í dán lòun fẹ́. Mọ̀mí ò dá sí i, wọ́n kàn ní táwọn bá ń retí dádì nígbà yẹn, búlúù yẹn làwọn máa ń wò lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ gbà wá. — Àbígbẹ̀yìn

Ìdáhùn: Àbúrò mi, mo ka lẹ́tà rẹ tó ìgbà mẹ́ta. Kí n tó sọ tinú mi, iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe kẹ́nikẹ́ni tó gbé sáńpépà. Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wo irin tó dábùú lókè rédíétọ̀ níwájú, wàá rí irin pẹlẹbẹ kékeré kan tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí, kóòdù ọ̀dà wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ 050, funfun ni, 737 náà funfun ni àmọ́ àwọn méjèèjì ò jọra, 040 ló jẹ́ dúdú. Ìdí tí mi ò fi fẹ́ kẹ́ ẹ gbẹ́kẹ̀ lé fọ́tò nìyẹn, torí fọ́tò tó ti gbó kì í sọ irú funfun tó jẹ́ fúnni, gbogbo funfun inú ẹ̀ ló máa ń pọ́n.

Lẹ́yìn ìyẹn, tú rọ́bà etí ilẹ̀kùn kan, ká kápẹ́ẹ̀tì inú bùútù sókè, yọ iná ẹ̀yìn kan kó o wo ihò ẹ̀, tẹ orí wọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ibi tí oòrùn ò dé, tí ọwọ́ pẹ́ńtà tó ń kánjú náà ò dé, ibẹ̀ ni ọ̀dà àkọ́kọ́ máa ń wà. Tó o bá fẹ́ mọ iye ìgbà tí wọ́n ti kùn ún, wá ibì kan tí kò hàn síta, fi sáńpépà múlọ́múlọ́ tó o rẹ sómi ha á díẹ̀díẹ̀ títí irin á fi yọ lójú kan ṣoṣo láàárín, àwọn ọ̀dà á jáde yí i ká ní òrùka òrùka bí inú igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé: irin, práímà (ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń kọ́kọ́ fín), funfun, práímà míì, búlúù. Jọ̀ọ́, sómi ni o, má ha á gbẹ, kó o sì wọ ìbomú gidi, torí òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà àtijọ́, àwọn pupa àti ìyeyè ló tiẹ̀ burú jù.

Ó dáa. Mẹkáníìkì yín ò parọ́, funfun ni ọkọ̀ yẹn bá jáde nílé iṣẹ́. Àmọ́ gbọ́ ìtàn Porsche kan. Ní 1968, Janis Joplin, akọrin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ra Porsche 356 C àlòkù kan, ọdún 1964 ni wọ́n ṣe é, ó gbé e fún Dave Richards tí wọ́n jọ ń rìn, ìyẹn sì ya àwòrán sí gbogbo ara ẹ̀, labalábá, òkè, ojú òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Ó kú ní 1970. Nígbà tó yá tí àwòrán yẹn ń ṣí, àwọn ará ilé ẹ̀ bó o, wọ́n dá a padà sí àwọ̀ eérú tó bá jáde nílé iṣẹ́. Ọ̀dà kóòdù gan-an o, kò sẹ́ni tó lè bá wọn jà. Síbẹ̀, ọkàn wọn ò balẹ̀, ní àwọn ọdún 1990 wọ́n tún pe àwọn ayàwòrán, wọ́n fi fọ́tò àtijọ́ síwájú wọn, wọ́n ya gbogbo ẹ̀ padà. Bó ṣe wà nìyẹn tí wọ́n fi tà á ní 2015, owó ẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù kan àbọ̀ dọ́là. Kóòdù ilé iṣẹ́ ò mọ nǹkan kan nípa labalábá.

Mi ò sọ pé ọkọ̀ yín á di olówó iyebíye. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọkọ̀ kan lè ní oríjínà méjì, èyí tó bá wáyé àtèyí tó fi gbé láyé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ín lẹ máa sọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ tọ́jú. W123 tí Mercedes ṣe láàárín 1975 sí 1986 lé ní mílíọ̀nù méjì àbọ̀, funfun inú wọn ò lóǹkà, ayé ò ní pàdánù nǹkan kan tí tiyín bá jẹ́ búlúù. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe mẹ́wàá péré ni, ohun tí mo máa sọ fún ẹ á yàtọ̀ pátápátá.

Èmi, ẹ̀yìn mọ̀mí ni mo wà. Ẹ kùn ún ní búlúù dádì. Àmọ́ ẹ má fọwọ́ kan funfun tó bá ṣì wà nínú ilé ẹ́ńjìnnì, nínú bùútù àti lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tí irin ibẹ̀ bá dáa. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi wáàsì pa á, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ọmọ tó bá jogún ẹ̀ lọ́jọ́ iwájú lè rí ọ̀nà padà tó bá wù ú. Ẹ má sì jẹ́ kí pẹ́ńtà fi ojú lásán yan búlúù o. Ẹ wá ibi tí búlúù yẹn ò tíì ṣá, bíi ẹ̀yìn páálí nọ́ńbà tàbí abẹ́ àwọn irin tó ń dán tí wọ́n kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń ka àwọ̀ kà á níbẹ̀, kí wọ́n fín in sórí káàdì, kẹ́ ẹ gbé káàdì yẹn síta láàárọ̀, kẹ́ ẹ tún gbé e síta lọ́sàn-án gangan, kẹ́ ẹ wá wò ó lábẹ́ gílóòbù lálẹ́. Àwọ̀ tó bára mu nínú ṣọ́ọ̀bù lè má bára mu lójú oòrùn rárá. Káàdì yẹn ni kí mọ̀mí wò, kì í ṣe ọkọ̀ tẹ́ ẹ ti kùn tán.

Ní ti dúdú tí ẹ̀gbọ́n rẹ fẹ́: ọ̀dà tí kì í dán ò ṣeé fi pọ́líìṣì kàn, ibi tó o bá ti kàn án lá máa dán. Ìgbẹ́ ẹyẹ tó bá pẹ́ lórí ẹ̀ á fi àpá sílẹ̀, tí nǹkan bá sì ha á, kò ṣeé fín lójú kan, odindi ilẹ̀kùn ni wàá tún kùn. Fún ọkọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ fi sílẹ̀ fún ọmọ, mi ò fara mọ́ ọn. Tó bá takú, ọ̀rá tí wọ́n ń fi wé ọkọ̀ wà, á fi ṣe dúdú fún ọdún bíi mélòó kan, wọ́n á ṣí i kúrò. Kó ṣáà jẹ́ pé ọ̀dà abẹ́ ẹ̀ ti gbẹ dénú tó sì di irin mú dáadáa, torí tí ọ̀dà yẹn bá ti rọ̀, tòun ti ọ̀rá ni wọ́n jọ máa ṣí. Kẹ́ ẹ sì tún wo ìwé ọkọ̀ o, tó bá ṣì ń pè é ní funfun látọjọ́ yìí, ẹ lọ tún un ṣe.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Àgbàlagbà ni mí. Volkswagen 1966 kan wà lọ́wọ́ mi, èmi ni mo rà á ní tuntun, ẹnikẹ́ni ò kùn ún rí. Funfun ni, àmọ́ orí rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ débi pé práímà ti ń yọ, gbogbo ara rẹ̀ sì ti di ẹfun, bí mo bá fọwọ́ pa á, ọwọ́ mi á funfun. Ọmọ mi ti san owó sílẹ̀ fún ẹni tó máa bó o dé irin kó sì kùn ún tuntun, kóòdù kan náà, L87. Ṣé kò sí aburú níbẹ̀? — Bàbá Arúgbó

Ìdáhùn: Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gba owó yẹn padà lónìí.

Àwọn àgbà ló sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. L87 tí wọ́n máa pò fún yín lónìí, aṣọ ni. Èyí tó wà lára ọkọ̀ yín, àkísà àgbà ni, kò sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tà á. Kóòdù bára mu lóòótọ́, àmọ́ ohun tí wọ́n fi po ọ̀dà nígbà yẹn yàtọ̀, bí wọ́n ṣe fín in yàtọ̀, bó ṣe ń dán yàtọ̀, ọwọ́ tó fín in gan-an ti lọ. Téèyàn bá ti bó o, ó tán nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo ní irú ọkọ̀ yìí rí, L87 náà ni, orí òun náà ti fẹ́lẹ́ bíi tiyín, mo sì jẹ́ kí wọ́n bó o dé irin torí mo rò pé ìtọ́jú ni mò ń ṣe. Ìgbà tí wọ́n ti bó ìdajì ni mo tú rọ́bà gíláàsì ẹ̀yìn, mo rí ọ̀dà tó wà lábẹ́ ẹ̀ tó ṣì ń dán bí ìgbà tó jáde, mo wá rí i pé gbogbo ara tó kù ni ìbá padà sí bẹ́ẹ̀ tàbí kó sún mọ́ ọn ká ní mo ní sùúrù. Kò sígbà tí mo kọjá lára ọkọ̀ yẹn tí mi ò rántí. Ó dán gan-an ni o, àmọ́ ọkọ̀ tuntun tó jọ ọkọ̀ mi ló jẹ́.

Ẹfun tẹ́ ẹ ń rí yẹn, awọ òkè ọ̀dà ló ti kú sínú oòrùn, kì í ṣe gbogbo ọ̀dà ló kú. Bó sì ṣe ń kun ọwọ́ yín yẹn fi hàn pé kò sí kílíà, ìyẹn ọ̀dà gaara tí wọ́n máa ń fín gbẹ̀yìn, lórí ẹ̀, ọ̀dà gan-an lẹ̀ ń fọwọ́ kàn. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe rèé: kí wọ́n fi ọṣẹ tí kò le fọ̀ ọ́, kí wọ́n wá pọ́líìṣì tó kún fún òróró tí kò ní yanrìn nínú, kí wọ́n fi aṣọ òwú pa á káàkiri kó pọ̀, kí wọ́n fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ọ̀dà yẹn á mu ún bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń mu omi. Kí wọ́n nù ún, kí wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ọwọ́, kì í ṣe ẹ̀rọ, fi pọ́líìṣì tó ní yanrìn díẹ̀ kàn án, kí wáàsì sì gbẹ̀yìn. Ọ̀dà ilé iṣẹ́ kì í ju bíi 100 sí 150 máíkírọ̀ọ̀nù lọ, ìyẹn bí irun orí méjì tí wọ́n to léra, ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ lé e pẹ̀lú ìkánjú á gé e dé práímà ní ìṣẹ́jú kan. Ibi tí práímà ti yọ lórí yẹn, ẹ fi sílẹ̀, ẹ ṣáà máa fi wáàsì bò ó kómi má ráyè wọlé. Ibi tó bá ti dógùn-ún nìkan ni kí wọ́n tún ṣe, ibẹ̀ nìkan, kí wọ́n má fẹ̀ ẹ́.

Kì í ṣe èmi nìkan ni mò ń sọ bẹ́ẹ̀. FIVA, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń rí sí ọkọ̀ àtijọ́ láti 1966, ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ yín gan-an, ní ìwé ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní Turin Charter, inú ẹ̀ ni wọ́n ti ní títọ́jú ohun tó wà lára ọkọ̀ ló yẹ kó ṣáájú pípààrọ̀ ẹ̀. Ní Pebble Beach ní Amẹ́ríkà náà, níbi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ àtijọ́ díje láti 1950, wọ́n ti ní ìsọ̀rí fún àwọn ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì tún ṣe. Wọ́n ń fún àkísà lẹ́bùn, Bàbá.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n, pẹ́ńtà kan ní kí n lo lákà, ọ̀dà tó ń tètè gbẹ, bíi tàtijọ́, èkejì ní 2K, ọ̀dà òde òní tí wọ́n ń po háádínà mọ́ kó lè le, ló dáa. Ẹnì kan tún sọ pé gbogbo ọkọ̀ àtijọ́ dúdú ni tẹ́lẹ̀, pé kí n kàn kun tèmi ní dúdú. — Orí Mi Ti Dàrú

Ìdáhùn: Ti dúdú yẹn kọ́kọ́. Ford Model T ló fà á. Lóòótọ́, láti 1914 sí 1925, dúdú nìkan ni Ford ń kun Model T, torí dúdú yẹn lágbára kò sì wọ́n wọn, àmọ́ ọdún 1908 ni Model T ti jáde, àwọ̀ míì wà kó tó di 1914, àwọ̀ míì sì padà wá ní 1926. Ẹni tó ní ti 1912 tó kùn ún ní dúdú torí kó lè jẹ́ oríjínà ti ṣìnà. Ọ̀dà ayé ìgbà yẹn máa ń pẹ́ gbẹ gan-an, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ọkọ̀ kan tó parí, àfìgbà tí lákà Duco tí DuPont ṣe dé, tí wọ́n fi kun àwọn ọkọ̀ Oakland ní 1923, ìyẹn ń gbẹ láàárín wákàtí, ìgbà yẹn ni àwọ̀ oríṣiríṣi wá di nǹkan tó rọrùn.

Láti mọ èyí tó wà lára tìẹ, fi tíńnà sára aṣọ funfun, fi pa ibi tó fara sin. Tó bá yọ́ tó kun aṣọ, lákà ni. Tó bá rọ̀ tó sì hunjọ, ẹnámẹ́ẹ̀lì ni. Tí kò bá ṣe nǹkan kan, 2K ni, ẹnì kan ti tún un kùn nìyẹn. Tó bá jẹ́ lákà, tó o sì ń tún ojú kan ṣoṣo ṣe, lákà náà ni kó o lò, á wọnú ara wọn. Tó bá jẹ́ odindi ọkọ̀ lo fẹ́ kùn, èmi á lo 2K tí kò ní kílíà fún àwọ̀ tó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo bíi funfun, pupa tàbí krímù, torí kílíà lórí irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ ló máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ àtijọ́ dà bíi pé wọ́n tì í bọ inú ọ̀rá. Tó bá jẹ́ mẹ̀tálíìkì, èyí tó ní ẹ̀kúnná irin tó ń dán nínú, kílíà ò ní ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, kó o ṣáà sọ fún pẹ́ńtà pé kó wá èyí tí ẹ̀kúnná rẹ̀ tóbi, torí ẹ̀kúnná àtijọ́ ò kúnná tó tòde òní.

Ẹni tó bá fẹ́ lo lákà kó wo òfin ibi tó wà o. Ní Yúróòpù, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2004 ti dín ọ̀dà tó ń tú gáàsì púpọ̀ kù, àmọ́ ó fàyè sílẹ̀ fún ọkọ̀ àtijọ́ tí ẹni náà bá gba ìyọ̀ǹda. Háádínà inú 2K ní tiẹ̀ ní kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ isocyanate, ìyẹn lè fa ikọ́ fée tí kì í lọ mọ́. Ìbomú lásán ò tó, èyí tí wọ́n ń fi páìpù fẹ́ afẹ́fẹ́ tó mọ́ sí ni pẹ́ńtà gbọ́dọ̀ lò, tí kò bá ní in, má ṣe jẹ́ kó fín in fún ẹ.

Ìbéèrè: Ṣé lóòótọ́ ni pé tí àwọ̀ bá ti yí, owó ọkọ̀ ti já nìyẹn? — Mo Fẹ́ Tà Á

Ìdáhùn: Ó já fún ọkọ̀ tó ṣọ̀wọ́n tí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ṣì bá èyí tó bá jáde nílé iṣẹ́ mu, kì í fi bẹ́ẹ̀ já fún èyí tó pọ̀ nílẹ̀. Ohun tó máa ń já a jù ni irọ́ àti iṣẹ́ ààbọ̀: ìta pupa, inú ilẹ̀kùn ewé. Ẹni tó bá fẹ́ yí àwọ̀ gbọ́dọ̀ yọ ẹ́ńjìnnì, yọ àwọn ilẹ̀kùn, yọ gíláàsì, kó kùn ún dé gbogbo kọ̀rọ̀, ìyẹn ló sì ń jẹ́ kó wọ́n ju dídá a padà sí tàtijọ́ lọ. Má sì purọ́ fún ẹni tó fẹ́ rà á, torí Jaguar ní ìwé ẹ̀rí tó ń sọ àwọ̀ tí ọkọ̀ bá jáde, Ford ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti 1967 ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Marti Report, Volkswagen náà ń fúnni níwèé ìbí ọkọ̀. Sọ ọ́ bó ṣe rí, kó o fún un ní fọ́tò gbogbo iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, bódì lásán ni mo rà, kò ní ẹ́ńjìnnì, kò ní àga, àwọn tó ni ín ṣáájú ti fi iyanrìn fín in dé irin, ọ̀dà àkọ́kọ́ ò sí níbì kankan, páálí kóòdù náà ti sọnù. Kándì pupa ló wà lọ́kàn mi láti kékeré. Ṣé mò ń ba ọkọ̀ jẹ́ ni? — Ọmọ Kándì

Ìdáhùn: Rárá o! Kí lo fẹ́ bà jẹ́? Àwọn tó ṣáájú ẹ ti mú gbogbo ohun tó yẹ ká tọ́jú lọ. Kùn ún, inú mi dùn sí i, òun náà ní ìtàn tiẹ̀, Joe Bailon ni wọ́n máa ń dárúkọ pé ó mú kándì pupa jáde ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1950, àtìgbà yẹn lèèyàn ti ń lò ó.

Àmọ́ mọ ohun tó o fẹ́ ṣe. Kándì kì í ṣe ọ̀dà kan ṣoṣo, wọ́n á kọ́kọ́ fín fàdákà tàbí wúrà sísàlẹ̀, wọ́n á wá máa fín pupa tó mọ́ gaara bíi gíláàsì lé e lórí, ipele lórí ipele, bó ṣe ń pọ̀ sí i ló ń dúdú sí i. Tí ọwọ́ pẹ́ńtà bá fi ipele kan lé apá kan ju apá kejì lọ, ó ti hàn nìyẹn, kò sì ṣeé tún ojú kan fín lẹ́yìn ọ̀la. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ kun bọ́nẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀kùn àti bùútù lọ́jọ́ kan náà, látinú agolo kan ṣoṣo tẹ́ ẹ ti po gbogbo ẹ̀ pọ̀ sí. Jẹ́ kó kọ iye ipele tó fín sílẹ̀, kó fín an sórí irin kékeré mẹ́ta, èkíní ní ipele mẹ́rin, èkejì mẹ́fà, ẹ̀kẹta mẹ́jọ, kó o gbé wọn sóòrùn kó o tó yan. Tọ́jú àwọn irin yẹn, kọ orúkọ ọ̀dà àti nọ́ńbà ẹ̀ sẹ́yìn wọn, torí páálí kóòdù tó sọnù lára ọkọ̀ rẹ, àwọn ló máa rọ́pò ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá parí, má tíì fi wáàsì pa á fún ọgbọ̀n ọjọ́ ó kéré tán kí ọ̀dà lè mí, omi àti aṣọ rírọ̀ nìkan ni kó o fi máa nù ún.